Lẹ́yìn Tí Bàbá Dé Láti Séṣẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀yìn ni típà náà fi ń wọlé, ó ń ké píì-píì-píì, nígbà tí Bàbá Ọlánípẹ̀kun gbé àga oníke jáde. Wọ́n gbé e kalẹ̀ sí àárín ọ̀nà tóóró tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n jókòó, wọ́n sì ká apá mọ́ àyà. Awakọ̀ náà, géńdé kan tó ń jẹ́ Kabir, tẹ bíréèkì lójijì. Yanrìn orí ọkọ̀ mì, díẹ̀ ya sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Ṣé ẹ ò rí ọkọ̀ ni?"

"Mo rí i. Òun ni kò rí mi."

Kabir wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó mí kanlẹ̀, ó sì fa fóònù yọ.

Ní Ring Road, oògùn ikọ́ ni Láwùmí, ọmọbìnrin Bàbá, ń tà lọ́wọ́ nígbà tí ìpè náà wọlé. Kabir kò tíì sọ ọ̀rọ̀ dé ìdajì tó fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó wọ mọ́tò, ó sì ń dá sọ̀rọ̀ lọ láti Ring Road títí dé Agbowó. Ní Mókọ́lá, àwọn oníkẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń bú. Nígbà tó fi máa dé Sángo, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń bá rojọ́. Kí lòun ṣe? Àní, kí lòun ṣe gan-an?

Àbàtà ló wà lẹ́yìn ilé Bàbá l'Ágbowó. Omi kan ń sun níbẹ̀ láti abẹ́ àpáta, kókò àti òṣíbàtà sì bò ó mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀. Bàbá ti sọ ọ́ létí gbogbo ẹbí pé Láwùmí làwọn fún ní ilẹ̀ náà. Bó bá ti lè rí i dí, tirẹ̀ ni. Kò sì kánjú sí i títí di ọdún yìí, tí onílé tí Láwùmí gba ṣọ́ọ̀bù oògùn lọ́wọ́ rẹ̀ ní Ring Road fi sọ pé òun fẹ́ wó ilé òun kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Kí ọdún tó parí, ó gbọ́dọ̀ kó jáde. Ibo ló tún fẹ́ lọ, bí kò bá ṣe orí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fún un, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ bí eèrà, tí orí kì í sì í yé fọ́ wọn? Ó ti ra yanrìn tí wọ́n máa fi dí i, ó sì ti bá Àjàgbé bíríkìlà sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n Bàbá ti lọ sí Séṣẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì ti dé.

Láńre, àbúrò Láwùmí tó wà ní Kánádà, ló fa gbogbo rẹ̀. Òun ló ní kí Bàbá àti Màmá fi ayẹyẹ àádọ́rin ọdún Bàbá lọ wo Séṣẹ́ẹ̀lì, àwọn erékùṣù kan ní àárín òkun, tí wọ́n tò síra wọn bí ọmọ ìyá. Màmá kú kí ọjọ́ ìrìn àjò tó kò. Láńre ní kí Láwùmí bá Bàbá lọ dípò Màmá, kí tíkẹ́ẹ̀tì má bàa ṣòfò.

Àìsàn ni Láwùmí lọ bá níbẹ̀. Wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi lọ sí apá ibì kan tí ìjọba ibẹ̀ ti fi òfin yí ká, ọgbà kan tó jẹ́ pé inú òkun ló wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀. Èèyàn kò gbọdọ̀ ṣa ìkarawun, kò sì gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ tẹ òkúta. Kí ọkọ̀ tó dúró, òòyì ti kọ́ Láwùmí. Ó fi orí lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó ń bì. Ìgbà tí kò bá sì bì, ó ń fèsì fún àwọn oníbàárà lórí fóònù. Bàbá, tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní ilé ìfìwéránṣẹ́ Dùgbẹ̀, tí wọ́n dàgbà sí Ṣakí, níbi tí omi kò ti pọ̀ ju ti inú àmù lọ, wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, wọ́n fi gíláàsì ìlúwẹ̀ẹ́ sójú, wọ́n sì bọ́ sínú òkun. Ohun tí Láwùmí mọ̀ nípa Séṣẹ́ẹ̀lì kò ju pé oòrùn ibẹ̀ burú.

Láti ìgbà tí wọ́n ti padà dé ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá kó gbogbo nylon àti ike inú àbàtà kúrò. Wọ́n fi ìrókò ṣe pátákó, wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà: ỌGBÀ ÀÀBÒ. MÁ MÚ NǸKAN NÍBẸ̀. MÁ DA NǸKAN SÍ I. Wọ́n jẹ́rìí nípa Séṣẹ́ẹ̀lì ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi títí pásítọ̀ fi ní kí ẹgbẹ́ akọrin dìde. Bí àlejò bá wá, kó tó bu omi mu, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀: òkun náà mọ́ gaara, ẹja ibẹ̀ ń wọ́ bí ìgbà táwọn ọmọdé bá ń ti iléèwé bọ̀. Ibi ẹja yìí ni àlejò kọ̀ọ̀kan máa ń rántí pé òun ní ibì kan láti lọ. Láwùmí náà, bí Bàbá bá ti dé ibi ẹja lórí fóònù, oníbàárà máa ń wọlé sí i lójijì.

Nígbà tí Láwùmí dé Agbowó, èrò ti pé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá lókè dúró sí bálíkónì, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò. Ó wakọ̀ gba géètì wọlé, ó sì rí Sìkírátù, ayálégbé tó ń gbé yàrá iwájú, tó sáré pàdé rẹ̀.

"Àǹtí Láwùmí, ẹ bá wa bá Bàbá sọ̀rọ̀ o. Lánàá, nítorí omi ọṣẹ tí mo dà síbẹ̀, wọ́n wàásù fún mi títí ìrẹsì mi fi jóná."

Láwùmí kọjá lára rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ fún bàbá rẹ̀, torí pé ojú pọ̀ níbẹ̀.

"Dádì, ẹ káàárọ̀."

"O dé, Láwùmí? Ṣé kò sí sún kẹrẹ fà kẹrẹ?"

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Yanrìn ni wọ́n fẹ́ dà."

"Wọn ò ní lè dà á síbẹ̀. Àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí wà níbẹ̀."

"Ọ̀pọ̀lọ́ ni, Dádì! Ọ̀pọ̀lọ́ àti ẹ̀fọn!"

"Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe rò tẹ́lẹ̀. Ní Séṣẹ́ẹ̀lì, ọkùnrin tó mú wa lọ sọ pé..."

"Ẹ má dárúkọ ibẹ̀ yẹn sí mi létí mọ́!" Ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kò rí i fà padà. "Séṣẹ́ẹ̀lì, Séṣẹ́ẹ̀lì, lójoojúmọ́! Agbowó la wà yìí! Èyí kì í ṣe òkun, gọ́tà ni! Gbogbo àdúgbò ló ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

Ẹyin lohùn. Ó bọ́, ó fọ́, gbogbo ojú sì ń wò ó nílẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkè rọra sọ fóònù wọn kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Sìkírátù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Bàbá kò bínú. Ìyẹn ló burú jù. Wọ́n wò ó bíi pé ó sọ ibi tí bọ́ọ̀sì ń gbà fún wọn, wọ́n sì gbọ́ ọ yé.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. Wọ́n dìde, wọ́n sì fúnra wọn gbé àga kúrò lọ́nà. "Ilẹ̀ rẹ ni. Mo ti fún ọ, mi ò sì ní gbà á padà. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó wọn kúrò níbẹ̀ ná."

"Kó kí ni kúrò?"

Wọ́n ti wọlé. Ìgbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti ká ṣòkòtò dé orúnkún, abọ́ ìfọṣọ aláwọ̀ búlúù sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọjá lára típà lọ sẹ́yìnkùlé.

Kabir bú sẹ́rìn-ín, inú tún bí i. "Màdáàmù, mi ò lè dúró de ẹni tó ń kó ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n ń retí mi ní Mọ́níyà."

"Ṣé o ò lè ní sùúrù díẹ̀ ni?"

Kò ní in. Ó wa típà gba géètì jáde, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, yanrìn náà sì ya wálẹ̀ wàà sí ẹnu géètì gan-an. Kí Láwùmí tó la ẹnu, ó ti lọ. Yanrìn ga ju mọ́tò Láwùmí lọ. Inú ọgbà ni mọ́tò náà wà. Òun náà wà níbẹ̀.

Ó dúró, ó ń wo òkìtì yìí. Ó fẹ́ sunkún, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Láti Kánádà dé Mọ́níyà, kò sí ẹni tí kò dà á láàmú lónìí. Ibẹ̀ ló wà tó fi gbọ́ jàbú láti ẹ̀yìnkùlé.

Ó sáré. Bàbá ti yọ̀, wọ́n fi orúnkún kan kúnlẹ̀ sínú omi, wọ́n sì gbé abọ́ sókè kí ohun inú rẹ̀ má bàa dànù. Láwùmí bọ́ bàtà sọnù, ó kó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú gbogbo aṣọ rẹ̀, ó sì di apá wọn mú.

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé ó dùn yín?"

"Kò sí nǹkan kan. Má dúró síbẹ̀ yẹn, ò ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀."

"Dádì!"

Ó gbé wọn jókòó sórí òkúta kan létí omi, òun náà jókòó tì wọ́n, torí pé kò sí ibòmíràn tó fẹ́ lọ mọ́. Ó yọjú wo inú abọ́. Ẹja wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, wọ́n tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, àti akàn kan tó ń fi ìbínú na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè.

"Níbo lẹ fẹ́ kó wọn lọ?" ló bèèrè.

Bàbá wo abọ́. "Ohun tí mi ò rò nìyẹn."

Lámilámi kan bà sórí òṣíbàtà, ó tún fò lọ. Láwùmí fẹ́ẹ̀ má lè gbọ́ ariwo ojú títì ńlá níbi tí wọ́n jókòó sí yìí.

"Àwọn ẹja ọ̀hún," Bàbá bẹ̀rẹ̀, "wọ́n ń wọ́ bí ìgbà tí..." Wọ́n wo ojú rẹ̀, bí ẹni tó ń retí kí fóònù dún.

"Mò ń gbọ́, Dádì."

"Wọ́n ń wọ́ bí ìgbà táwọn ọmọdé bá ń ti iléèwé bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí iyùn. Iyùn tí à ń so mọ́rùn, Láwùmí, ẹ̀mí ló ní! Ó ń hù nísàlẹ̀ omi, ó pupa, ó tún ní àwọ̀ ewé. Ẹnu yà mí. Mo yọ orí sókè kí n lè sọ fún ẹnì kan. Mo pe ìyá rẹ."

Láwùmí yí ojú sí wọn.

"Orúkọ rẹ̀ ni mo pè. Mo ní, 'Ẹbùnlọlá, wá wò ó!' Ìgbà tí mo pè é tán ni mo tó rántí." Wọ́n fi ọwọ́ bu omi díẹ̀ sínú abọ́, kí ẹja má bàa kú. "Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, mi ò rí omi kankan lójú mi. Ẹ̀yin ọmọ rò pé ọkàn mi le ni. Inú gíláàsì yẹn ni omijé ti jáde. Wọ́n ní bí èèyàn bá ń sunkún, á máa ríran. Mò ń sunkún, mo sì ń ríran. Kò sí ohun tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí lójú mi."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Ibẹ̀ ló kù kí n dé nínú ìtàn náà."

Láwùmí fi ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ bo ẹnu. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ìtàn yìí ti sú u dé góńgó, bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ ìparí rẹ̀ rí. Òun gan-an sì wà nínú ọkọ̀ náà.

"Òkun yẹn jìnnà," ni Bàbá wí. "Mi ò tún lè débẹ̀ mọ́. Èyí ni mo ní nítòsí. Ṣùgbọ́n tìrẹ ni, mi ò jiyàn. Ó yẹ kí ọmọ ẹni ní ibi tí yóò ti tajà."

Wọ́n gbé abọ́ náà, wọ́n rọra dojú rẹ̀ dé. Ẹja wẹ́wẹ́ náà tú ká. Akàn dúró díẹ̀ létí omi, ó ṣe bí ẹni tí kò gbà, kó tó wọlé.

Fóònù Láwùmí dún. Àjàgbé bíríkìlà ni.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màdáàmù. Mo gbọ́ pé iwájú géètì ni wọ́n da yanrìn sí. Ẹ má ṣèyọnu. Bílẹ̀ bá ti mọ́, màá kó àwọn èèyàn mi wá, a ó fi bárò gbé e lọ sẹ́yìn, kó tó di ọ̀sán, a ti dí ibẹ̀. Ṣé ká máa bọ̀?"

Ó wo ibi tí òun àti bàbá rẹ̀ ti da omi náà rú. Ẹrẹ̀ ń yí nínú rẹ̀ bí èéfín. Níwájú díẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ wọn kò dé, ó rí ìsàlẹ̀ omi kedere: òkúta róbótó-róbótó, òjìji ewé, ohun kékeré kan tó ń rìn lọ sídìí iṣẹ́ tirẹ̀.

"Màdáàmù? Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

"Ẹ má tíì wá," ni Láwùmí wí. "Omi ò tíì tòrò."

"Omi wo?"

Ó pa fóònù náà, ó sì sún mọ́ bàbá rẹ̀ lórí òkúta.

"Ìgbà tí ẹ padà sínú òkun ńkọ́, Dádì? Kí lẹ tún rí?"