Omi Ilé Khrienuo

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí ogun òkè Nágà ti rọlẹ̀ ni Pásítọ̀ Pelhou ti ń fi ẹnu ro ẹ̀fọ́ tirẹ̀ lórí pẹpẹ: "Èèwọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti parí! Ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ̀ ẹ́ nù!"

Èèwọ̀ náà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá pa èèyàn, ìdílé rẹ̀ àti ìdílé òkú kò gbọdọ̀ jẹ, wọn kò gbọdọ̀ mu nílé ara wọn tàbí lọ́wọ́ ara wọn mọ́, títí dé ọmọ-ọmọ. Ẹni tó bá dán an wò, inú rẹ̀ á wú, á sì kú. Gbogbo abúlé ló sì mọ̀ pé nígbà tí Pelhou ń bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ gbé ìbọn nínú igbó, òun ni ọ̀gá rẹ̀ ní kó yìnbọn pa Zasielie, ọmọ ìyá àgbà Khrienuo, pé ó ń ta wọ́n fún sójà ìjọba, ó sì pa á. Láti ìgbà tí Pelhou ti di pásítọ̀, bí àwo búrẹ́dì Oúnjẹ Olúwa bá dé iwájú Khrienuo, ńṣe ló ń jẹ́ kó kọjá.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, ìròyìn dé pé ìyá náà ń kú lọ. Pelhou gbé búrẹ́dì àti ife, ó gun òkè.

Mhasinuo, ọmọbìnrin ìyá náà, dí ẹnu ọ̀nà. "Pásítọ̀ oníbọn, ẹ tún dé? Ta ló kù tí ẹ fẹ́ pa nílé yìí?"

"Oúnjẹ Olúwa ni mo gbé wá fún màmá."

"Kí wọ́n jẹ ẹ́ lọ́wọ́ yín, kí wọ́n kú?"

Ohùn kan wá láti ẹ̀gbẹ́ iná. "Kí lo rò pé mò ń ṣe lórí ibùsùn pákó yìí, ijó? Jẹ́ kó wọlé."

Pelhou kúnlẹ̀, ó bu búrẹ́dì, ó nawọ́. Ìyá náà kò la ẹnu.

"Pelhou, lọ́jọ́ tí a sin ọkọ mi, wọ́n gbé ìrẹsì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ síwájú rẹ. Kí lo wí?"

"Mo ní mo ti jẹun, ìyá."

"Nígbà tí a kọ́ ilé yìí tán ńkọ́?"

"Mo ní mò ń gbààwẹ̀."

Mhasinuo bú sẹ́rìn-ín. "Ààwẹ̀ pásítọ̀! Ilé wa nìkan ni wọ́n ti ń gbà á!"

"Ẹ̀rù ń ba ìwọ náà," ni Khrienuo wí. "O ní èèwọ̀ ti kú, o ò sì tíì sin ín. Ebi búrẹ́dì yìí ń pa mí, mo fẹ́ jẹ ẹ́ kí n tó lọ, ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni yóò la odò èèwọ̀ yìí kọjá." Ó mí kanlẹ̀. "Kí ni ọmọ mi tọrọ kó tó kú?"

"Omi."

"O fún un?"

"Wọ́n ní ká má fún un."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ohun tí wọ́n wí."

"Mi ò fún un, ìyá."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Mhasinuo. Òjò ń lu òrùlé. Kèrègbè omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, Pelhou sì tẹjú mọ́ ọn. Ọkùnrin tó ti sáré wọ inú ọta ìbọn, ẹ̀rù kèrègbè ń bà á. Ó dá búrẹ́dì padà sínú àwo.

"Ìyá," ó wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lómi mu."