Orúkọ Igbó Wa

"Kò lórúkọ," Bàbá Bùràímọ̀ wí.

Èmi Àkànbí ni wọ́n pè láti fi àdá lànà fún awọnlẹ̀ tó wá sí Ìbà lọ́dún 1955, ìṣojú mi sì ni Bàbá, olórí ẹbí wa, ti pa irọ́ yẹn. Awọnlẹ̀ náà, Ọ̀gbẹ́ni Adéníjì, tún béèrè orúkọ igbó tí a sin àwọn baba wa àti ìyá mi sí. Bàbá tún ní kò lórúkọ. Ló bá kọ ọ́ sínú ìwé pé igbó lásán ni, kò lẹ́ni tó ni ín.

Èèwọ̀ wa ni. A kì í dárúkọ igbó náà létí àlejò, ẹni tó bá sì dárúkọ rẹ̀, a kò ní í sin ín síbẹ̀. Èmi náà pa ẹnu mọ́ bí òmùgọ̀. Bẹ́ẹ̀ iléeṣẹ́ tó rán Adéníjì ń wá ilẹ̀ oko àgbọn, ilẹ̀ tí kò lẹ́ni ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń mú.

Mo délé, n kò lè jẹun. Rámù ni mò ń rántí. Nígbà tí ọta ìbọn bà mí lẹ́sẹ̀ lójú ogun ní Bọ́mà, ọsibítù kan ní Índíà ni wọ́n gbé mi lọ. Rámù, ẹlẹ́sìn Híńdù, ló ń wẹ egbò mi. Láràárọ̀, kó tó gbàdúrà, á bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, á sì pe orúkọ àtijọ́ tí ilẹ̀ wọn ń jẹ́ sókè ketekete: Jambudvipa, Bharata. Mo bi í léèrè ìtumọ̀ wọn. Ó ní èkíní ni erékùṣù igi jambu, igi eléso dúdú kan. Èkejì ni ilẹ̀ àwọn ọmọ ọba Bharata. Ó ní òmíràn tún wà, Punyabhumi, ilẹ̀ mímọ́ tí iṣẹ́ rere kì í ṣègbé lórí rẹ̀.

"Òyìnbó ń pè é ní Índíà," ó wí, "ṣùgbọ́n wọn ò lè gba èyí lẹ́nu mi."

Àwọn Rámù ń pariwo orúkọ ilẹ̀ wọn láràárọ̀, àwa ń fi tiwa pamọ́ títí olè fi fẹ́ jí ilẹ̀ náà lọ. Inú bí mi sí Bàbá. Ó bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá a. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ fún un."

"Ogun ti bà ọ́ lórí jẹ́. Ṣé ẹ̀bá títì lo fẹ́ ká sin ọ́ sí?"

"Tí wọ́n bá gbin àgbọn sórí àwọn baba wa, níbo ni wọ́n máa sin ẹ̀yin náà sí?"

Mo kọrí sí igbó, ó ń tẹ̀lé mi. Adéníjì ti ń ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀ nígbà tí a débẹ̀. N kò sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ìgúnlẹ̀ Ìyá lorúkọ rẹ̀. Ibi tí ọkọ̀ ìyá tó ṣẹ̀ wá gúnlẹ̀ sí nìyí, òun la sì kọ́kọ́ sin síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́."

Adéníjì wò mí, ó fagi lé ohun tó ti kọ, ó kọ orúkọ náà. Ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti lórúkọ, tó sì ní ibojì, iléeṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ ẹbí. Ó ní kí wọ́n hú òkúta náà.

Bàbá Bùràímọ̀ kò bú mi. Ó gba àdá lọ́wọ́ mi, ó gé ẹ̀ka igi kan, ó fi dábùú ẹnu ọ̀nà igbó níwájú mi.

"O ṣeun," ó wí. "Máa lọ."

Ìyá mi ń bẹ nínú igbó yẹn. Mo gba igbó náà sílẹ̀ fún gbogbo ẹbí, wọn kò sì ní í sin mí ti ìyá mi. Inú ṣì ń bí mi.