Dìmímú, Ọ̀pá Kámẹ́rà Adébímpé

"Àǹtí Bímpé, báwo lẹ ṣe ń mú un tí kì í fi í fì?"

Hussein ti gbé ọ̀pá náà sókè kí Adébímpé tó lè ní kó má fọwọ́ kàn án. Kámẹ́rà orí rẹ̀ ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, bí ọmọdé tó ń tòògbé. Adébímpé sáré gbà á, ó sì rọra gbé e lé orí tábìlì.

"Ta ló ní kó o gbé e?"

"Ọ̀gá ni o."

Ọ̀gá Abọ́lá, tó ni ṣọ́ọ̀bù fídíò náà ní Okokomaiko, kò gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Èmi ni mo ní kó gbé e. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé, Hussein ló máa lo Dìmímú. Ìwọ máa gbé kámẹ́rà kejì."

"Lórí sítáǹdì, sà?"

"Sítáǹdì kẹ̀? Láàárín èrò? Ọwọ́ lo máa fi gbé e. Wàá dúró sí iwájú pátápátá, níbi tí wọ́n ti ń da òróró sórí àwọn tí wọ́n fẹ́ fi òróró yàn."

"Ṣùgbọ́n Hussein ò tíì mọ ọ̀pá yìí lò, sà."

"Ìyẹn gan-an ni mo ń sọ. Ìwọ nìkan kọ́ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n lò. Tí ara rẹ ò bá yá lọ́jọ́ kan ńkọ́?"

Bí Adébímpé bá kọ̀, wọ́n á ní ahun ni. Bí ó bá sọ ìdí tó fi kọ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò ṣòkòtò.

"Ó dáa, sà."

Ọdún méjì sẹ́yìn ni ọwọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Inú ife tíì ló ti kọ́kọ́ rí i: tíì ń mì nígbà tó di ife náà mú, láìsí ẹni tó gbún un lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó fi dé inú àwòrán tó ń yà. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kì í ṣe àìsàn tó ń pa èèyàn, ó ní ìdílé ló ti wá, ó sì fún un ní oògùn tó dín in kù díẹ̀. Adébímpé ti mọ ti ìdílé yẹn tẹ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá rẹ̀ fi ṣe télọ̀ ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ọwọ́ bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, oníbàárà kankan ò bá a jà. Ńṣe ni wọ́n ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan, tẹ̀rín-tẹ̀yẹ, tí wọ́n ń gba aṣọ wọn padà, títí tó fi ku bàbá àti máṣíìnì nìkan nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó mú Adébímpé jókòó sí kíṣìnì ilé wọn ní Ẹsíteètì Ìbà fún oṣù mẹ́ta nìyẹn. Ó gba àjẹkù páìpù alumíníọ̀mù lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe fèrèsé. Ó ra bẹ́ríǹ kékeré tó ń yí geere, ó ra rọ́bà tí wọ́n fi ń di ọwọ́ ọ̀kadà mú, ó sì kó wáṣà irin tó máa fi ṣe ìwúwo jọ sínú agolo mílíìkì. Jídé ọkọ rẹ̀, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Alábà, bi í pé kí ló ń kàn.

"Sìtébíláísà ni."

"Sìtébíláísà? Iná ẹsíteètì yìí ò sì tíì burú tó báyẹn."

"Ti kámẹ́rà ni, Bàbá Dámi. Kámẹ́rà á wà lókè, ìwúwo á wà nísàlẹ̀, bẹ́ríǹ á wà láàárín. Bí ọwọ́ èèyàn bá ń gbọ̀n, bẹ́ríǹ yìí ló máa gba gbogbo ẹ̀ mọ́ra. Kò ní dé ọ̀dọ̀ kámẹ́rà."

Èkíní tẹ̀. Èkejì ń fì bí aago ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kẹta ló gbé láti kíṣìnì dé pálọ̀, tó gbé sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí wọ́n wo àwòrán rẹ̀, ó ń lọ geerege bí ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà. Jídé wo àwòrán, ó wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, ó tún wo àwòrán. Ọjọ́ yẹn ni Adébímpé sọ ọ̀pá náà ní Dìmímú. Ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ń pè é bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé eré ni.

Nígbà tó di Fúráìdé, Adébímpé ní òun máa kan òmíràn fún kámẹ́rà kejì kí ilẹ̀ tó ṣú. Bẹ́ríǹ tó rí rà lọ́wọ́ mẹkáníìkì ọ̀kadà ti jẹ, ó ń dún kẹrẹkẹrẹ. Ó dá ihò sí páìpù, ihò náà yẹ̀. Ó fi wáṣà mẹ́ta sí ìsàlẹ̀, kámẹ́rà dojú bolẹ̀. Ó fi márùn-ún sí i, ó lọ́ sẹ́yìn. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú ramúramù lẹ́yìn fèrèsé onírin, ooru kíṣìnì sì dì mọ́ ọn lọ́rùn. Nígbà tí nọ́ọ̀tì tó kéré jù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tó yí wọ abẹ́ sítóòfù, ó jókòó sílẹ̀ láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ẹnu ọ̀nà, níbi tí kò ti lè na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ibẹ̀ ni Jídé bá a. "Pe ọ̀gá rẹ, sọ pé ara rẹ ò yá."

"Tí Sátidé mìíràn bá dé ńkọ́?"

"Nígbà náà, sọ fún un."

"Ẹ ò sí ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, Bàbá Dámi. Èmi ni mo wà níbẹ̀ tí mo ń ka àwọn tó ń lọ."

Jídé dọ̀bálẹ̀, ó na ọwọ́ sábẹ́ sítóòfù, ó ń wá nọ́ọ̀tì.

Ní Sátidé, ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà ní Igbó-Elérin kún fọ́fọ́. Gbogbo wọn bọ́ bàtà sí ẹnu ọ̀nà, àwọn oníkámẹ́rà náà bọ́ tiwọn. Ọ̀gá Abọ́lá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń yan àwòrán tó máa jáde lójú síkírìnì ńlá, tó sì ń lọ sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ohùn rẹ̀ ń dún nínú ohun tí àwọn oníkámẹ́rà kì bọ etí.

Lára àwọn tí wọ́n fẹ́ fi òróró yàn ni Màmá Ọ̀ṣunbíyìí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló wà lókè òkun, orí fóònù ni wọ́n ti ń wò ó. Wọ́n ti sọ fún Ọ̀gá ṣáájú pé ojú màmá ni àwọn fẹ́ rí.

Adébímpé, tí ọ̀pá tuntun rẹ̀ kò ṣeé kàn parí, há sáàárín irin pẹpẹ àti ìlà àga àkọ́kọ́. Kò sí ibi tó lè sún sí níwájú, èrò ti dí ẹ̀yìn. Màmá rọra kúnlẹ̀. Adébímpé gbé kámẹ́rà sókè, ojú màmá sì yọ lójú síkírìnì ńlá, ó ń gbọ̀n bí ojú tí èèyàn rí nínú omi.

"Kámẹ́rà kejì, di kámẹ́rà mú!"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un. Ó fi ìgúnpá ti ìhà, ó sé èémí. Bó ṣe ń fún un mọ́ra tó ni gbígbọ̀n náà ń le sí i. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

"Bímpé, kí ló ń ṣe ọ́? Hussein, fún mi láwòrán!"

Àwòrán Hussein yọ, ó fì sápá kan, ó fi òrùlé hàn, ó fì padà. Ọ̀gá sáré bọ́ sórí kámẹ́rà tó wà lórí sítáǹdì lẹ́yìn pátápátá. Níbẹ̀, ẹ̀yìn èrò nìkan ni wọ́n ń rí. Bí òróró ṣe kan orí Màmá Ọ̀ṣunbíyìí nìyẹn, tí ìkankan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ò rí i.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin, Ọ̀gá fa Adébímpé jáde sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé o mutí wá síbí ni?"

Adébímpé wo iyanrìn lẹ́sẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ ọ̀tún síwájú rẹ̀, ó tẹ́ ẹ.

"Ẹ wò ó, sà."

Àwọn méjèèjì wò ó.

"Láti ìgbà wo?"

"Ọdún méjì."

"Gbogbo iṣẹ́ tó o ti ṣe fún mi láti ọdún méjì...?"

"Ọwọ́ yìí náà ni, sà. Torí rẹ̀ ni mo ṣe kan Dìmímú."

Nígbà tí Ọ̀gá tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù ba Adébímpé ju ìbínú lọ. "Kò burú. Ò bá ti sọ fún mi. Máa jókòó sílé, kó o máa kan irú ọ̀pá yìí fún wa. Hussein á máa ya àwòrán. Ara á tù ẹ́." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Adébímpé mọ ẹ̀rín náà. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ló ti mọ̀ ọ́n.

"Rárá, sà." Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó mọ̀. "Màá kọ́ Hussein. Bí ẹ bá fẹ́, màá kan tirẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mi ò ní jókòó sílé. Ẹ jẹ́ n gbé Dìmímú báyìí. Bí àwòrán mi bá gbọ̀n, kí n máa lọ."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọlé tọ Hussein lọ, ìyẹn sì tètè gbé ọ̀pá náà fún un bí ẹni tó fẹ́ sọ iná sílẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má bínú."

"Ìwọ kọ́. Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Má wo kámẹ́rà, ìka mi ni kó o máa wò."

Hussein wo ìka náà. Ó rí i pé ó ń gbọ̀n. Ó gbójú sókè wò ó, ó tún wo ìka.

Àwọn ẹni àmì òróró ti ń jáde bọ̀ láàárín èrò. Màmá Ọ̀ṣunbíyìí ló gbẹ́yìn, ó ń fọwọ́ ti ẹ̀yìn àga lọ́kọ̀ọ̀kan, òróró ń dán níwájú orí rẹ̀. Adébímpé dojú kọ ọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn lórí táìlì tútù, ìṣísẹ̀ kan fún ìṣísẹ̀ màmá. Kò gbọ́ ohùn Ọ̀gá létí. Kò sì lè yíjú wo síkírìnì kó mọ̀ bóyá àwòrán tirẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Màmá dúró mí díẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé àwọn ọmọ mi ń rí mi báyìí?"

"Èmi ń rí yín, mà," ni Adébímpé wí. "Ẹ rọra máa bọ̀."

Ó tún sún ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ojú màmá sì dúró jẹ́ẹ́ lójú kámẹ́rà.