Èérún Ẹ̀wà Kan

Chizuru tó ń ṣe wàrà sóyà ní ẹsẹ̀ òkè Ōnaru ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, ẹ̀rín kò sì jẹ́ kó lè sọ ọ́ délẹ̀. Ẹnu Tokie fúnra rẹ̀ ni mo ti wá gbọ́ ìyókù.

Tokie ń ti oko bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹrẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Bó ṣe bọ́ bàtà tó wọlé, ó rí i pé ẹ̀wà sóyà tí òun ti ṣà sílẹ̀ láti fi ṣe mísò, èròjà ọbẹ̀ wọn, ti tú ká sórí tábìlì. Sanae ọmọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń kó o jọ ní òkìtì òkìtì.

“Sanae, kí ni ẹ̀wà mi fi ṣe ọ́?”

“Màmá, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n fi nǹkan hàn yín.”

“Bí mo bá jókòó, ta ni yóò bá mi wa ọ̀dùnkún tí ìmàdò jẹ kù? Gbogbo ìlà tó wà létí odò, wọ́n ti tú u tán. Wọn ò tilẹ̀ jẹ ẹ́ tán, àwọn aláìnítìjú. Wọ́n á bu ọ̀kan jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún bọ́ sórí òmíràn.”

Síbẹ̀ ó jókòó. Ọjọ́ ìkẹyìn Sanae nílé nìyẹn, bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ ni yóò wọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ ìlera kan ló wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ka ohun tó ń pa ènìyàn. Àwọn kan ń ka ti ọkàn, àwọn kan ń ka ti mọ́tò. Ti ìbọn ni wọ́n fún Sanae, òun ló ń fi iye tó ń pa ní ilẹ̀ kan wé ti ilẹ̀ mìíràn.

“Ká ní mílíọ̀nù kan ènìyàn ló wà ní ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan,” ni Sanae wí. “Ẹ̀wà kan dúró fún ẹnì kan tí ìbọn pa láàárín ọdún. Ìwọ̀nba ni mo fojú bù, ẹ má kà á. Bràsíìlì nìyí.” Òkìtì náà ga tó ife tíì. “Amẹ́ríkà nìyí.” Èyí náà ga, ó kéré díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. “Faransé nìyí.” Ìyẹn kò kún ọwọ́.

Ó wá mú ẹ̀wà kan ṣoṣo, ó fi eyín gé e, ó tún un gé, ó sì gbé èérún tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife ìyá rẹ̀.

“Ilẹ̀ tiwa nìyí.”

Tokie tẹjú mọ́ ọn. “Èyí nìkan lo fi itọ́ bà jẹ́,” ó ní. “Ìyókù ṣì ṣeé sè.”

Ẹ̀rín fẹ́ gba ẹnu Sanae, ó gbé e mì. “Màmá, mi ò fẹ́ kí ìbọn wọ inú ilé yìí. Bí ọlọ́pàá bá bi mí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni màá wí.”

Ọ̀rọ̀ dé ibi tí Tokie kò fẹ́ kó dé. Ìbọn kan ṣoṣo ló wà ní Ōnaru tẹ́lẹ̀, ti Bàbá Kinjirō ni. Nígbà tí ojú bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ fún ọlọ́pàá. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí kí àwọn ìmàdò tó gbọ́. Wọ́n wá bí ẹni wá síbi ìnáwó. Wáyà oníná tí wọ́n fi yí oko ká, wọ́n gba abẹ́ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kọjá. Àwọn ilé tó kù ní òkè náà kò ju márùn-ún lọ, kò sì sí ẹni tó lókun ẹsẹ̀ láti wọ igbó bí kò ṣe Tokie. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé àṣẹ ìbọn. Ó gba iwájú dókítà, ó jókòó sí kíláàsì láàárín àwọn ọ̀dọ́kùnrin, ó ṣe ìdánwò, ó fìdí rẹmi, ó tún un ṣe, ó yege. Ohun tó kù ni kí ọlọ́pàá wá bi àwọn aládùúgbò àti ẹbí irú ènìyàn tó jẹ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ìkórè yìí ni ìkẹyìn. Yóò kó ẹrù rẹ̀ lọ sí yàrá kan nílùú ńlá, níbi tí Sanae ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ láti ọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú.

“Ìmàdò kì í ka ìṣirò,” ni Tokie wí.

“Mo mọ̀ ọ́n.” Sanae fi ìka kan ẹ̀wà kan nínú òkìtì Amẹ́ríkà. “Ẹ rí èyí? Mo mọ orúkọ rẹ̀. Dolores ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti máa ń ra búrẹ́dì.”

Tokie dìde. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí okùn, á sá. Ta ló fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà pé okùn lásán ni? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́dọọdún, bí Sanae bá wọ bọ́ọ̀sì, á kúnlẹ̀ sórí àga ẹ̀yìn bí ọmọdé, á máa wo ìyá rẹ̀ títí bọ́ọ̀sì yóò fi ya kọ́nà, bí ẹni tó fẹ́ rí i dájú pé ó ṣì dúró.

Tokie padà sóko, ó ń gbàdúrà nínú pé kí ọlọ́pàá má wá títí bọ́ọ̀sì yóò fi lọ.

Kò tíì wa ọ̀dùnkún kún agbọ̀n kan tó fi gbọ́ alùpùpù nísàlẹ̀. Mukai ni, ọlọ́pàá ọ̀dọ́ tó ń mójú tó àwọn abúlé orí òkè. Láti ibi tó lóṣòó sí, Tokie rí i tó wọ ilé Chizuru, tó jáde, tó wọ ilé kejì. Ó jáde ní ilé kẹta, ó ń họ orí. Nígbà tó kúrò nílé Bàbá Kinjirō, ó yọ àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó dúró láàárín ọ̀nà, ó wo ọ̀run.

Tokie sáré wálé láti ẹ̀yìnkùlé, ó fọ ọwọ́, ó gbé tíì kaná.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ oko,” ni Mukai wí lẹ́nu ọ̀nà. “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ́ omi inú ìkòkò?”

“Omi wo?”

“Ilé mẹ́rin ni mo yà. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ní ẹ tutù bí omi inú ìkòkò, ẹ kò bá ẹnikẹ́ni jà rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Bàbá Kinjirō gbàgbé ìdajì rẹ̀, ìyàwó wọn ló bá wọn parí rẹ̀ láti ilé ìdáná.”

Tokie yọjú wo ọ̀nà. Chizuru wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ó ń gbá iwájú ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, etí rẹ̀ wà lókè. Lẹ́yìn ọgbà ewéko, fìlà Bàbá Kinjirō ń mì. Ìgbà náà ló yé Tokie. Wọ́n ti pàdé. Wọ́n ti mu tíì sí i. Wọ́n ti kọ́ ara wọn ní orin kan ṣoṣo, wọn ò sì sọ fún ẹni tí orin dá lé lórí. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Ōnaru yìí kò kọjá ilé kẹrin.

“Mi ò lè kọ omi inú ìkòkò ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi,” ni Mukai wí. Ojú ń ti òun náà. “Níbi tí gbogbo ẹnu bá ti ń sọ ohun kan náà, wọ́n á ní a ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Wọ́n á ní kí n dá ìwé yìí padà, ká tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn òtútù. Àfi bí ẹnì kan bá wà nílé yìí tí kò mọ orin náà.”

“Mo wà,” ni Sanae wí láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀.

Tokie bu tíì sínú ife títí ó fi kún dà sílẹ̀.

Mukai jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀. “Ṣé Màmá ń mutí?”

“Lọ́jọ́ ọdún. Ife kan péré, wọ́n á sùn lọ síbi tí wọ́n jókòó sí.”

“Ṣé wọ́n máa ń bínú?”

“Gan-an ni.”

Ìgbálẹ̀ Chizuru dákẹ́ lójú ọ̀nà.

“Wọ́n ju dáíkọ̀n lu Bàbá Kinjirō lọ́dún tó kọjá,” ni Sanae ń bá a lọ, “nítorí omi oko tí bàbá darí sí ọ̀dọ̀ ara wọn. Gbòǹgbò ẹ̀fọ́ funfun tó gùn tó apá mi.”

“Kò bà mí!” Ohùn náà ti ẹ̀yìn ọgbà wá.

Mukai yíjú. “Bàbá, ṣé ẹ ní wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà rí?”

Kinjirō yọrí. “Dáíkọ̀n kì í ṣe ìjà, ọmọ mi. Ọbẹ̀ ni. Mo gbé e lọ sílé, a sè é jẹ.”

“Báwo lẹ ṣe jìnnà síra tó?”

“Bí ibi tí mo dúró sí yìí.”

“Ibi tó súnmọ́ tó báyìí, kò bà yín?” Mukai wo Tokie. “Màmá, ìmàdò ńkọ́?”

“Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ni,” ni Tokie wí. “Bí inú bá tilẹ̀ ń bí mi, mo mọ ibi tí ọwọ́ mi ń lọ.”

“Irọ́ ni, kò mọ̀ ọ́n jù!” ni Kinjirō pariwo.

“Ẹ bọ́ sí gbangba kí n tún un jù, ká wò ó!”

“Ìyá Sanae!” ni Chizuru ké, “ẹ rántí ẹni tó wà níwájú yín!”

Mukai ti tẹ orí ba, ẹ̀rín ń mi èjìká rẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó ti fara balẹ̀. “Láti ìgbà tí bàbá ti kú, ṣé Màmá máa ń sunkún lóru?”

Sanae kò mọ̀. Kò bi ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n á sọ ti òjò, wọ́n á sọ ti ẹ̀fọ́. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

“Lọ́dún àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ni,” ni Tokie wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Nísinsìnyí, ìmàdò kò jẹ́ kí n ráyè.”

Mukai kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ó béèrè bó bá ń gbàgbé iná lórí ààrò. Ó béèrè ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí wọ́n fi ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù irin fún ìbọn yóò wà hàn òun, ó fi ìkúùkù kan òpó ilé bóyá ó le tó láti dè é mọ́. Ó ní ọta ìbọn gbọ́dọ̀ wà ní yàrá mìíràn, kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

“Èmi ọmọ wọn ńkọ́?” ni Sanae bi í.

“Àǹtí, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.”

Sanae bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kò mọ ìgbà tó bú jáde, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹni tó yìnbọn pa Dolores,” ó ní, “ọ̀sán kan ló ra ìbọn yẹn. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ̀ kankan láti béèrè bóyá ó ń sunkún.”

Mukai kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Dolores. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí òkìtì ẹ̀wà. Sanae ṣàlàyé fún un láti Bràsíìlì dé Faransé, títí dé èérún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife. Mukai kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó pẹ́.

“Ó ṣì tóbi jù,” ó ní.

Sanae wo ọlọ́pàá náà, ó wo òpó, ó wo ìyá rẹ̀ tí ẹrẹ̀ ṣì gbẹ mọ́ létí. Láti ọjọ́ tó ti ń ka òkú, iye ló ń rí. Ta ló fi irú èyí hàn án rí, ọkùnrin tí àkẹtẹ̀ wà lábẹ́ apá rẹ̀, tó ń fi ìkúùkù kan igi?

“Ẹ fún wọn,” ó ní. “Ṣùgbọ́n kí ẹ máa wá bi wọ́n léèrè.”

“Lọ́dọọdún ni,” ni Mukai wí. “Títí yóò fi sú wọn.”

“Ó ti sú mi,” ni Tokie wí. Ó yára wọ ilé ìdáná, kí wọ́n má rí ojú rẹ̀.

Nígbà tí Mukai lọ, ọgbà ewéko bí ènìyàn. Gbogbo wọn jáde. Wọ́n kó ọ̀dùnkún tí ìmàdò bù jẹ, wọ́n gé ojú eyín rẹ̀ kúrò, wọ́n fi ewé gbígbẹ sun ún. Chizuru gbé wàrà sóyà wá. Kinjirō gbé dáíkọ̀n ńlá kan wá, ó dúró síbi tó dúró sí lọ́dún tó kọjá, ó na dáíkọ̀n náà sí Tokie.

“Omi inú ìkòkò, gbà, tún un jù.”

“Ọbẹ̀ kì í ṣe ohun ìjù,” ni Tokie dá a lóhùn. Chizuru rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo wọn sin Sanae dé ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró sí. Kó tó wọlé, ó fi èérún ẹ̀wà náà sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀, ó sì pa ìka rẹ̀ dé e lórí. Ó kéré débi pé Tokie fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀.

“Ẹ má jẹ́ kó dàgbà,” ni Sanae wí.

Bọ́ọ̀sì gbéra. Tokie gbé ọwọ́ kejì sókè, ó ń dúró de ojú tó máa ń yọ lójú fèrèsé ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn orí Sanae ló rí, lórí àga iwájú. Ó tẹ̀ síwájú, ó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì wọn gígùn nǹkan kan fún un, bí ẹni ń sọ bí dáíkọ̀n ti gùn tó.

“Kò mà bojú wẹ̀yìn!” ni Chizuru wí. Ó dùn ún.

Tokie sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. “Wò ó,” ó ní, ẹ̀rín sì bo ojú rẹ̀. Bọ́ọ̀sì dé kọ́nà, ó yà, orí náà kò yí.