Àwọn Táyà Tí Leland Rà

Leland Haugen kì í ra nǹkan wàràwàrà. Bó bá fẹ́ ra fìlà lásán, á dé e wò, á bọ́ ọ sílẹ̀, á lọ sílé lọ rò ó, á tún padà wá lọ́sẹ̀ kejì. Nítorí náà, nígbà tí ojú táyà ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ pá lẹ́yìn ìgbà tá a gé koríko màlúù tán, gbogbo àwa tá a jọ ń sin màlúù ní àfonífojì Tansy ní Montana mọ̀ pé wàhálà dé. Látìgbà náà, kò sẹ́ni tó jókòó tì í nílé kọfí tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ táyà títí etí fi kún.

Èmi ni aládùúgbò rẹ̀. Russ ni wọ́n ń pè mí. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún kan ṣoṣo ló pààlà oko mi àti tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó gbà láti lọ yan táyà, Arlys ìyàwó rẹ̀ pè mí pé kí n bá àwọn lọ.

“Kí n wá ṣe kí ni?” mo bi í.

“Kó o wá bá mi fà á jáde níbẹ̀ kí yìnyín tó bò wá mọ́lẹ̀.”

Dell ló ni sọ́ọ̀bù táyà tó wà nílùú, ọ̀dọ́kùnrin kan tí epo dúdú kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí wa, ó rẹ́rìn-ín.

“Ọ̀gbẹ́ni Haugen, ẹ káàbọ̀. Ṣé rírà lẹ wá rà lónìí, àbí ẹ tún kàn wá kí àwọn táyà ni?”

“Má dá a lóhùn,” Arlys wí. “Gbé wọn jáde.”

Dell yí táyà mẹ́ta wá síwájú wa. Èkíní ní eyín gàgàrà bíi ti ẹranko. Leland tẹjú mọ́ ọn.

“Ìwọ àti ta lẹ fẹ́ jọ máa sáré nínú ẹrẹ̀?” Arlys bi í.

“Mo kàn ń wò ó ni.”

“Ẹrẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún lóòótọ́,” Dell wí. “Bí òtútù bá mú, rọ́bà rẹ̀ á gan bí igi. Lórí omi dídì, á kàn máa yọ̀ kiri ni. Ẹ wo ìkejì yìí, òun ni wọ́n ṣe fún ìgbà òtútù nìkan. Ó rọ̀, ó ń di yìnyín mú dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń di koríko lé ọkọ̀ lórí, ẹ tún ń fa àgọ́ ẹṣin, ilé irin onítáyà tẹ́ ẹ fi ń kó ẹṣin, tẹ̀ lé e. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa mì lọ mì bọ̀, òkúta ojú ọ̀nà yín á sì jẹ ẹ́ tán kó tó di ìgbà ooru.”

Ìkẹta ni táyà gbogbo-ilẹ̀. Eyín rẹ̀ kò tóbi jù, kò sì kéré jù, wọ́n sì fi ọ̀bẹ là á wẹ́wẹ́ láàárín bí ìgbà tí wọ́n bá kọlà. Wọ́n ya òkè ńlá kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ya yìnyín sínú òkè náà, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti dán an wò nínú yìnyín. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, ó lè gbé ẹrù tó wúwo.

“Eléyìí kì í ṣe èyí tó dáa jù níbì kankan,” Dell wí, “ṣùgbọ́n kò burú níbì kankan.”

Leland kúnlẹ̀. Ó fi èékánná wọ inú àwọn ìlà náà, ó tẹ rọ́bà rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ó kù kó o tọ́ ọ lá,” Arlys wí.

Wọ́n tún jiyàn lórí bó ṣe yẹ kó fẹ̀ tó. Leland fẹ́ èyí tó fẹ̀. Dell ní tẹ́ẹ́rẹ́ ló dáa, pé òun ló ń la yìnyín kọjá kan ilẹ̀, pé èyí tó fẹ̀ á kàn máa léfòó lórí rẹ̀.

“Ọkọ̀ mi á wá dà bí ọkùnrin tó wọ bàtà ìyàwó ẹ̀,” Leland wí.

“Ìyàwó náà kò ṣubú rí nínú bàtà yẹn,” Arlys fèsì. Ọ̀rọ̀ parí. Tẹ́ẹ́rẹ́ la gbé.

Nígbà tá a fẹ́ máa lọ, Arlys yíjú padà. “Táyà àgọ́ ẹṣin ńkọ́?”

“Ojú tiẹ̀ ṣì ń bẹ,” Leland wí. “Ibi tí ọkọ̀ bá lọ náà ló ń tẹ̀ lé e lọ.”

Dell nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. “Lọ́pọ̀ ìgbà,” ó wí.

Kí n má parọ́, àwọn táyà yẹn ṣiṣẹ́. Yìnyín balẹ̀ lọ́dún yẹn bí ẹni tó bínú sí wa, síbẹ̀ kò sí àárọ̀ kan tí Leland kò gbé koríko dé ọ̀dọ̀ màlúù rẹ̀. Ó fa ọkọ̀ mi jáde nínú kòtò, ó fa ti àlùfáà ìlú wa pẹ̀lú. Nílé kọfí, àwọn èèyàn á ní, “Leland, ṣé táyà ẹ ti jẹun àárọ̀?” Òun náà á ní, “Ó ti jẹ ẹ́, ó sì ní kí n kí yín nínú kòtò tẹ́ ẹ wà.” Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó láyọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, atẹ́gùn gbígbóná fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, bó ṣe máa ń ṣe. Yìnyín yọ́, omi ń ṣàn káàkiri ojú ọ̀nà, a bọ́ ẹ̀wù òtútù kúrò lọ́rùn. Nígbà tó yá, atẹ́gùn náà dákẹ́, òtútù sì padà wá lójijì. Gbogbo omi tó wà nílẹ̀ dì síbi tó wà.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Birdie dùbúlẹ̀ tí kò fẹ́ dìde. Birdie ni abo ẹṣin Arlys. Ìyá rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí i, Arlys ló fi ìgò bọ́ ọ dàgbà ní ẹ̀gbẹ́ sítóòfù ilé ìdáná. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ẹṣin náà ń yí nílẹ̀, ó ń bojú wo ikùn ara rẹ̀, òógùn bò ó nínú òtútù. Arlys ti pe Dókítà Imhoff, obìnrin tó ń tọ́jú ẹran lódìkejì òkè.

“Ó ní ìfun rẹ̀ ló lọ́,” Arlys wí. “Tá a bá gbé e dé ọ̀dọ̀ òun, òun lè la ikùn rẹ̀ tún un ṣe. Tá a bá fi í sílẹ̀ níbí, kò ní rù ú là.”

Leland lọ so àgọ́ ẹṣin mọ́ ọkọ̀. A ti Birdie, a rọ̀ ọ́, a bẹ̀ ẹ́, títí ó fi gòkè wọlé. Arlys jókòó síwájú, èmi jókòó sẹ́yìn wọn.

A gun òkè náà láìyọ̀ rárá. Níbi tó ga jù lọ, Leland dúró, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ síwájú wa. Ọ̀nà náà dúdú, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n da epo sí i. Leland fi bàtà rẹ̀ ra ilẹ̀ wò, ó sì padà wá.

“Báwo ni?” mo bi í.

“Kò dáa.”

A ò lè yí padà níbẹ̀, ọ̀nà há jù fún ohun tá a ń fà. Lẹ́yìn wa, Birdie ta ògiri irin nípàá, gbogbo ọkọ̀ mì.

“Rọra máa lọ,” Arlys wí jẹ́jẹ́.

Ó fi jíà tó kéré jù lọ sí i. Àwọn táyà náà di ilẹ̀ mú, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ omi dídì náà kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí ohun kan lójú fèrèsé ẹ̀gbẹ́ mi. Àgọ́ ẹṣin ni. Ó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ẹni tó fẹ́ yà wá sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

“Leland,” mo wí.

“Mo rí i.”

Ó ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Ó fi ọwọ́ tẹ bíréèkì àgọ́, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó tún tẹ iná mọ́ ọkọ̀ díẹ̀ kó lè fà á tọ́. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù ni pé a ò sáré. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, àyè wà láti rí i, àyè wà láti rò ó, àmọ́ ọwọ́ wa ò ká nǹkan kan. Àgọ́ náà yí ìdí ọkọ̀ ká, a dábùú ọ̀nà, a sì dúró. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn àgọ́ lẹ̀ mọ́ àpáta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gbá-gbá-gbá, kò ṣeé ṣí. Kò sẹ́ni tó fara pa nínú wa.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣubú. Mo dìde, mo tún ṣubú. A rákò dé ọ̀dọ̀ àgọ́ náà ni. Birdie ti ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gba èèyàn, kò gba ẹṣin. Arlys rákò wọlé, ó gbé orí ẹṣin náà lé itan ara rẹ̀.

Èmi àti Leland da koríko sábẹ́ táyà, a da erùpẹ̀, Leland bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀ tẹ́ síbẹ̀. Táyà ń yí, ẹ̀wù náà fò jáde lẹ́yìn. Mo pe àwọn tó ń fa ọkọ̀, wọ́n ní ọkọ̀ tàwọn gan-an wà nínú kòtò. Mo pe àwọn tó ń da iyanrìn sójú ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, pé ọ̀nà pọ̀ níwájú àwọn. Leland káwọ́ lérí. Nínú àgọ́, Birdie ń kérora bí èèyàn.

Nígbà tí Dókítà Imhoff gbọ́ pé a há sójú ọ̀nà, ó gbéra wá pàdé wa. A rí ọkọ̀ rẹ̀ tó dúró nísàlẹ̀ òkè. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ń gòkè bọ̀, ó yọ̀ padà. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún yọ̀ padà. A dúró, à ń wò ó. Níkẹyìn, ó kúrò lójú ọ̀nà, ó di wáyà ọgbà mú, ó ń fà á gòkè bí okùn. Nígbà tó dé, ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

Ó wọlé, ó fọwọ́ kan ẹnu Birdie, ó gbé etí lé ikùn rẹ̀.

“Mi ò lè là á níbí,” ó wí. “Oògùn ìrora wà lọ́wọ́ mi. Ìkejì náà wà, èyí tí á jẹ́ kó sùn lọ títí.”

“Oògùn ìrora yẹn á gbé e dé ibo?” Arlys bi í.

“Kò ní gbé e dé ibì kankan, Arlys.”

Arlys ń fọwọ́ pa iwájú orí ẹṣin náà, níbi tó funfun. Leland dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò wọlé, kò jáde.

“Fún un ní ìkejì,” Arlys wí.

Birdie ti kú nígbà tí ọkọ̀ oníyanrìn dé. Awakọ̀ náà ń tọrọ àforíjì ṣáá, bí ẹni pé òun ló mú kí òtútù mú. Ó da iyanrìn yí wa ká. Leland wọ ọkọ̀, ó ṣáná sí i, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ilẹ̀ mú, ọkọ̀ sì fa àgọ́ náà tọ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ rí. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní kí n bá òun dé sọ́ọ̀bù Dell. Dell ti gbọ́. Ó bọ́ fìlà.

“Sọ fún mi,” Leland wí. “Èwo ló yẹ kí n rà?”

“Èyí tẹ́ ẹ rà náà ni, Ọ̀gbẹ́ni Haugen.”

“Táyà àgọ́ ńkọ́? Tí mo bá pààrọ̀ rẹ̀? Tí mo bá so ẹ̀wọ̀n irin yí i ká kó má bàa yọ̀?”

“Bóyá. Ẹ̀wọ̀n lè dì í mú. Ó sì lè má dì í mú. Mo ti rí ọkọ̀ oníyanrìn fúnra rẹ̀ tó yọ̀ lọ lórí òkè yẹn.”

“Má ṣàánú mi. Sọ pé èmi ni mo fà á.”

Dell wo ojú mi, ó wo ilẹ̀. “Mi ò lè sọ ohun tí mi ò mọ̀, sà.”

Leland dúró síbẹ̀ pẹ́. Àwọn oníbàárà méjì wọlé, wọ́n kí i, kò gbọ́. Èmi ni mo di apá rẹ̀ mú tá a fi jáde.

Nígbà tá a dé ilé rẹ̀, Arlys ti se ẹ̀wà aláta pẹ̀lú ẹran màlúù, ó yan búrẹ́dì yíyí onísúgà tá a máa ń fi jẹ ẹ́. Ó bu oúnjẹ fún wa, ó jókòó.

“Kí ni Dell sọ?” ó bèèrè.

“Ó ní òun ò mọ̀.”

Arlys mi orí. Ó ti àwo bọ́tà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Leland mú ọ̀bẹ, ó wò ó, ó sì gbé e sílẹ̀ padà láìfọwọ́ kan oúnjẹ.