Ọwọ́ Òsì Ústàádì

Ìka ọmọńdinrín mi ló kọ́kọ́ dalẹ̀ mi. Ọwọ́ òsì ni o, èyí tí mo fi ń tẹ okùn gìtá. Mo bá a wí, mo fi omi gbígbóná jó o, mo fi òróró ra á, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbé gìtá lé itan báyìí, yóò rọra ká wọnú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni tí òtútù ń mú. Bí mo bá gbé gìtá sílẹ̀, yóò nà padà, á ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ìka tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà bá a lọ́wọ́ sí i.

Ẹ̀rù bà mí, n kò ní purọ́. Ọdún tí iṣẹ́ epo dojú dé ní Houston nìyẹn. Èmi ń gbé ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú lọ́nà Humble, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe, gìtá ni mo máa ń sọ. Bí wọ́n bá gba gìtá lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tó máa kù lára èmi Lùkúmọ̀n.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Dàpọ̀, tó ń tẹ dùùrù nínú ẹgbẹ́ oníjáàsì wa, ló bá wa gba òde kan ní gbọ̀ngàn kan ní Stafford. Bó bá gbọ́, á ti wá onígìtá mìíràn kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Hàwáù ìyàwó mi ńkọ́? Mo mọ ohun tó máa sọ. Ó sì sọ ọ́.

"Daddy Sẹ́kínà, kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ má fi mí ṣe ọmọdé o. Mo rí yín nínú bathroom, ẹ̀ ń fi ọwọ́ kejì na ìka. Ayé ti rí yín lórí stage. Ẹ jẹ́ n call Alfa ní Ìwó."

"Hàwáù, please, má call ẹnikẹ́ni."

"Okay. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́."

Ẹnì kan ló kù tí mò ń bẹ̀rù ju Dàpọ̀ lọ, Ústàádì Rahmat. Bàbá ará India kan ni wọ́n, wọ́n ń ta aṣọ ní Stafford. Ìrun Jímọ́ọ̀ ló pa wá pọ̀. Nítorí orúkọ oyè wọn, tí wọ́n fi ń pe ọ̀gá olórin nílẹ̀ wọn, ó pẹ́ tí Hàwáù fi rò pé Kùránì ni mò ń lọ kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Orin ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń kọ́ mi, èyí tí mò ń pò mọ́ jáàsì, orin tí ohùn kan ṣoṣo lè yí káàkiri títí kó tó wá jókòó. Wọn kì í fọwọ́ kan gìtá. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ ọ́, èmi á sì máa wá a lórí okùn. Ọwọ́ ọ̀tún wọn á máa lu itan, ọwọ́ òsì á wà nínú àpò ẹ̀wù gígùn wọn. Ọ̀tún ni wọ́n fi ń bu tíì fún mi, ọ̀tún ni wọ́n fi ń gba ife padà.

Ẹ̀kọ́ ilé ni mo pè é. Ṣé àwa náà kọ́ la ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni? Mo tilẹ̀ fi wọ́n bú Dàpọ̀ lọ́jọ́ kan tó fi òsì na omi sí mi. Mo ní, "Lọ wo àgbà tó gbẹ̀kọ́. Òsì wọn ò jáde síta rárá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ òde náà, mo lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wọn fún ìmúra ìkẹyìn. Wọ́n kọrin, mo tẹ̀ lé wọn, ìka ká, ohùn já.

"Tún un ṣe," wọ́n ní.

Mo tún un ṣe. Ó tún ká. Òógùn bò mí, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn A/C ń fẹ́ sí mi lórí.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Ó kàn rẹ̀ mí ni, sà."

Wọ́n wò mí títí ojú fi tì mí. Wọn ò bínú, kò sì yà wọ́n lẹ́nu, ohun tó sì dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Wọ́n fi eyín di etí aṣọ kan mú, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún fà á ya, wọ́n ní kí n fi so ìka méjèèjì pọ̀ kí wọ́n má baà dí mi lọ́wọ́.

"Ẹni tó ń ta sìtáà, gìtá tiwa, ìka méjì ló fi ń ṣiṣẹ́. Má sáré kiri mọ́. Dúró sójú kan, kí o fa okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohùn yòókù wà nínú rẹ̀. Jẹ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ fi dùùrù dí àyè tó bá kù."

Mo gun pèpéle, mo jókòó, mo gbé gìtá lé itan. Dàpọ̀ rí aṣọ tó wà lọ́wọ́ mi, ó la ẹnu, ṣùgbọ́n iná ti tàn. Mo fa okùn. Ohùn náà gòkè, ó yí, ó sì bọ̀ síbi tí mo rán an. Dàpọ̀ gbọ́ ọ, ó rọra ti jáàsì bọ abẹ́ rẹ̀. Nígbà tí a parí, gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Hàwáù ń fi ìborùn nu ojú, èmi náà sunkún. Mo rò pé ẹ̀rù ti tán.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ústàádì lẹ́yìn pèpéle. Wọ́n ní kí n dìde. Wọ́n mú ìborùn onírun àgùntàn kan wá. Àṣà wọn ni pé olùkọ́ á fi irú rẹ̀ bo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yege léjìká, ọwọ́ méjèèjì sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọwọ́ òsì wọn jáde.

Gbogbo ìka rẹ̀ ló ká mọ́lẹ̀ bí ẹsẹ̀ adìẹ tó ti kú.

"Ọmọńdinrín ló kọ́kọ́ ṣe é," wọ́n ní. "N kò kà á sí, nítorí sìtáà ò nílò rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ìka àárín."

"Sà, ṣé ó máa dé tèmi náà?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Má ṣíwọ́ títa gìtá rẹ."

Wọ́n tẹ́ ìborùn náà dáadáa léjìká mi, wọ́n sì dá ọwọ́ padà sápò.

Mo jáde síta, Dàpọ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín. "Lùkú, you do well, I swear. Ìwọ àti aṣọ ọwọ́ ẹ."

Ó na ọwọ́, mo fi ọ̀tún bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì mi, ó bú sẹ́rìn-ín.

"See am. Òsì ò jáde síta mọ́. Bàbá yẹn ti kọ́ ẹ lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

N kò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo ti ọwọ́ òsì bọ àpò. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Nínú àpò níbẹ̀, mò ń na ìka àárín, mo sì ń dúró wò ó bóyá yóò ká fúnra rẹ̀.