Òrùlé Fádèyí Kò Gbọdọ̀ Jò

"Dá páànù bàbá Akínlọ́lá lu? Ràṣídì, ṣé orí ẹ pé?"

Àgbékẹ́ ti dúró dí ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń lé adìẹ. Ìlú Pobè ni Ràṣídì ti wá so awo ẹntanẹ́ẹ̀tì mọ́ ilé ìyá náà ní Massè, ó sì ti gbé àkàsọ̀ ti ògiri.

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Èmi kì í ba òrùlé jẹ́. Ara igi àjà ni màá dè é mọ́, màá fi rọ́bà sábẹ́ ìdè, màá sì fi gọ́ọ̀mù dí i pa. Omi ò ní kán."

"Báwo lo ṣe mọ̀? Ìwọ lo ń rọ òjò?"

Ẹ má bínú sí i o. Fádèyí ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kan páànù yẹn, yàrá abẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n sì sin ín sí. Kó tó kú, ó ní, "Ẹ má jẹ́ kí òjò pa mí." Àgbékẹ́ ṣèlérí fún un, kò sì fi ìlérí yẹn ṣeré rí.

Bẹ́ẹ̀ Akínlọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, wà nílé ìwòsàn ní Libreville, nílẹ̀ òkèèrè, inú ń run ún, ó ń rù lọ. Bó bá pe ìyá rẹ̀, ohùn á kàn máa já ni. Òun ló ra awo náà ránṣẹ́, pé kóun lè máa rí ojú ìyá òun bí àìsàn yìí bá fẹ́ ṣe tirẹ̀. Ojú ọmọ yìí ni Àgbékẹ́ náà ń wá, kò wá nǹkan mìíràn láyé.

Ògiri amọ̀ ò lè gba irin. Ràṣídì ní ó kù kí àwọn ri òpó mọ́ àgbàlá, ṣùgbọ́n awo ń fẹ́ ojú ọ̀run gbangba, igi obì tó wà níbẹ̀ sì dí i. "Bó bá jẹ́ orí ilé ni, ìyá, igi yìí ò kàn wá."

Ta ni ò mọ igi yẹn? Nígbà tí ìwọ́ Akínlọ́lá já, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, tí wọ́n gbin obì lé e lórí. Igi rẹ̀ ni. Bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ń ríran, àmọ́ Àgbékẹ́ wo igi, ó wo òrùlé, kò ríran. Òkú kì í dárí jini, ọmọ a máa dárí ji ìyá: bó ṣe rò ó nìyẹn, obìnrin yìí!

"Ẹ gé e," ló wí.

Wọ́n gé e. Ràṣídì ri òpó síbẹ̀, ó so awo mọ́ ọn, ó sì parí iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, Akínlọ́lá yọ lójú fóònù. Ó ti rù kan egungun, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín. Inú Àgbékẹ́ dùn débi pé ó bú sẹ́kún.

"Ìyá, ẹ yí fóònù sí àgbàlá kí n rí obì mi. Mo ń lá àlá rẹ̀ ṣáá."

"Ilẹ̀ ti ṣú, ọkọ mi. Òkùnkùn ti bolẹ̀."

Akínlọ́lá wò ó títí. "Oòrùn ń ràn lẹ́yìn yín, ìyá."

Ó ní ó rẹ òun, ó sì pa fóònù.

Nígbà tí fóònù tún dún, ojú Igbẹ́kọ̀yí, ọmọ ìlú Kpoulou tó ń tọ́jú Akínlọ́lá lọ́hùn-ún, ló yọ, tomijé tomijé. Àgbékẹ́ rí i kedere, ó gbọ́ ọ kedere pé ọmọ òun ti kú, ohùn ò já rárá. Yéè, Ràṣídì mọṣẹ́!

Òjò àkọ́rọ̀ dé lọ́sẹ̀ náà, ó lu páànù kíkankíkan. Wọ́n bá Àgbékẹ́ nínú yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì ọkọ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ilẹ̀ gbígbẹ náà.

"Bàbá Akínlọ́lá," ó ní, "ilé yín ò jò. Ó tẹ́ yín lọ́rùn, àbí?"